Ẹni Tó Fún Bàbá Gbádérọ̀ Ní Májèlé

Kò sí àìsàn tí Bàbá Theophilus Gbádérọ̀ kì í fi kápúsù apakòkòrò wò. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní Bódìjà, wọn kì í sì í bi dókítà léèrè nǹkan kan. Bí wọ́n bá sín, kápúsù. Bí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n, kápúsù. Lọ́jọ́ tí ìbò ẹgbẹ́ bàbá ìjọ gbé wọn ṣubú, méjì ni wọ́n gbé mì.

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru wá dé, Bàbá fi kápúsù kún kápúsù. Ìgbẹ́ náà ń le sí i. Ni wọ́n bá dójú sọ Zùwáírátù, ìyàwó Simon ọmọ wọn, tó ń se oúnjẹ fún wọn.

"Mo sọ fún Simon pé kó má fẹ́ Mùsùlùmí!" ni wọ́n ń pariwo láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Zùwáírátù yìí kan náà ló wa mọ́tò gbé wọn lọ síbi àyẹ̀wò kan ní Ring Road, òun ló sì gbé ike ìgbẹ́ dání, torí Bàbá ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ò yẹ àgbà ìjọ.

Nígbà tí èsì jáde, Adùnọlá, obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà, pè wọ́n wọlé.

"Sà, a rí oró nínú ìgbẹ́ yín."

Bàbá fò dìde, wọ́n nàka sí Zùwáírátù. "Májèlé! Mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá!"

"Ẹ jókòó, sà. Kòkòrò kan nínú ìfun yín ló ń tú oró yẹn jáde. Àwọn kòkòrò dáadáa tí kì í jẹ́ kó gbèrú, nǹkan kan ti pa wọ́n. Ṣé ẹ lo oògùn apakòkòrò láìpẹ́ yìí?"

Bàbá ń wo àjà.

"Wọ́n lò ó, mà," ni Zùwáírátù dáhùn. "Ojoojúmọ́."

"Ta ló ń fún wọn?"

"Èmi náà ni," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́.

"Dádì, ṣé kí n pe ọlọ́pàá náà?" ni Zùwáírátù béèrè.

Dókítà tí wọ́n gbé èsì náà lọ bá dá kápúsù wọn dúró, ó kọ oògùn tó bá kòkòrò náà mu fún wọn, ara wọn sì yá. Ẹ rò pé Bàbá tọrọ àforíjì? Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n dúró níwájú ìjọ. "Ẹ bá mi yin Olúwa, tó yọ mí lọ́wọ́ ọ̀tá tó fẹ́ fi májèlé pa mí!" Ìjọ hó yèè. Bàbá ò dárúkọ ọ̀tá náà.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀rí náà ti dé etí Zùwáírátù, oúnjẹ ẹni méjì ló ń sè, tòun ti Simon.

"Oúnjẹ tèmi ńkọ́?"

"Dádì, ẹ̀rù májèlé ló ń bà mí."

Búrẹ́dì àti tíì ni Bàbá ń jẹ títí ó fi sú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé àwo òfìfo wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó mi, má bínú. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

"Ẹ lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì," ni Zùwáírátù wí. Ó bu ìrẹsì tirẹ̀, ó jókòó, ó ń jẹun.