Adìẹ Tí Akọ̀wé Fẹ́ Dá Padà

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Akọ̀wé Ernest fi sá fún ilé Màmá Dinah. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní inú ń run òun. Lọ́jọ́ kejì, ó ní táyà kẹ̀kẹ́ òun jò, bẹ́ẹ̀ Patience ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó gun kẹ̀kẹ́ náà lọ ra ìwé ìròyìn ni. Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ́ ọmọ Kàbà ní Kàdúná ránṣẹ́ sí i pé òun ni yóò ṣe agbẹnusọ wọn nílé ọ̀fọ̀. Àwáwí tán.

Akọ̀wé tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ alága ẹgbẹ́ sọ nù, odidi ìdajì wákàtí ló fi sọ̀rọ̀ ìtùnú. Ohun tó ń dẹ́rù bà á yàtọ̀. Japhet, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Dinah bí, wà lára àwọn ṣọ́jà tí wọ́n kó lọ sí Kóńgò lọ́dún kejì òmìnira. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ernest ló kọ lẹ́tà tí ọmọ náà fi wọṣẹ́ ṣọ́jà, Màmá sì fi àgbébọ̀ adìẹ kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adìẹ ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ti yé, ó ti sàba, ó ti pamọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ láti ìgbà tí ìròyìn ikú ti dé, tó bá ti ké láàárọ̀, àyà Ernest á já. Ó wá pinnu pé òun á dá a padà kí òun tó la ẹnu ìtùnú. Òun á dọ́gbọ́n gbé e fún àwọn obìnrin tó wà nídìí ààrò, ọkàn òun á sì fúyẹ́. Ó fi àkísà so ó lẹ́sẹ̀, ó gbé e sábẹ́ agbádá, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Tudun Wada dé Kawo.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Kò tíì fẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ti ògiri tán tí Àáfà Jàmàlúdéènì, ará Ìlọrin tí ilé rẹ̀ fara ti ti Màmá, fi gbá a lọ́wọ́ mú.

"Sannu da zuwa, Akọ̀wé! Ẹ̀yin gan-an la ń retí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá yìí ò sunkún, kò sì fi oúnjẹ kan ẹnu. Wallahi, ẹ̀rù ń bà wá kó má di òkú méjì."

Wọ́n fà á wọlé, wọ́n fi í jókòó sórí àga tó kọjú sí Màmá gan-an. Ilé kún, Pásítọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Màmá wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ gbẹ, abọ́ ògì tó ti tutù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá," Ernest bẹ̀rẹ̀. Adìẹ mira. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sórí sì fò lọ. Èyí tí gbogbo ayé ń sọ nìkan ló ṣẹ́ kù. "Ẹ... ẹ ṣe sùúrù. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Màmá gbójú sókè. "Ernest, ìwọ ni ẹnì kẹtàdínlógún tó máa sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí. Mò ń kà á. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo wà láyé. Agbè wo ni kò fọ́? Àbí ìwọ lo fẹ́ wá bá mi pọn omi mìíràn sí i?"

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà. Ìgbà náà ni adìẹ wá rí i pé ó tó àkókò tí òun náà yóò kẹ́dùn.

"Kẹ́ẹ̀kẹ̀kẹ̀!"

Ernest húkọ́ kíákíá. "Ikọ́ ni. Eruku ojú ọ̀nà ni."

Adìẹ tún ké, ó fi kún un.

"Haba, Akọ̀wé," ni Àáfà wí, "ikọ́ yín yìí fẹ́ yé ẹyin."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, adìẹ ti yọrí lọ́rùn agbádá. Àkísà tú. Ó fò lé Pásítọ̀ lórí, ó da ògì nù, àwọn ọlọ́fọ̀ ń lé e kiri yàrá títí Àáfà fi mú un lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbé e wá," ni Màmá wí. Ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. "Adìẹ mi rèé, eléyìí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gé."

Ernest dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ògì. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Ká ní n ò kọ ọ́ ni, Japhet ì bá wà láyé. N ò lè pa á jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà."

Màmá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. "O gbé adìẹ wá kí mi kú ọ̀fọ̀ lábẹ́ agbádá!" Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn obìnrin. Ẹ̀rín náà dúró lójijì.

"Ṣé o mọ bí Japhet ṣe sáré tó kó tó rí adìẹ yìí mú fún ọ? Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ṣòkòtò rẹ̀ ya. Tí mo bá gbà á padà, eré tí ọmọ mi sá di asán nìyẹn. Gbé adìẹ rẹ." Ó na adìẹ sí i. "Kí lo tilẹ̀ kọ sínú lẹ́tà náà? Èdè òyìnbó ni. Ẹnikẹ́ni ò kà á fún mi rí."

Ernest dìde jókòó sílẹ̀. Kò wá ọ̀rọ̀ ńlá rárá. "Mo ní mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo ní kì í purọ́. Mo ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń pọn omi kún ìkòkò ìyá rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá gbà á síṣẹ́ kò ní kábàámọ̀."

"O kọ ti ìkòkò?"

"Mo kọ ọ́, Màmá."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dà pòròpòrò. Ó ké, ó pe Japhet, ó tún pè é, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó. Nígbà tó rọlẹ̀, Patience, tó ti wà nídìí ààrò pẹ̀lú àwọn obìnrin láti àárọ̀, bu ògì gbígbóná mìíràn wá. Màmá gbà á, ó mu ẹnu kan.

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí. "Má sáré."

Ernest gbé adìẹ rẹ̀ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.