Ọjọ́ Ìbí Ènìyàn Mẹ́tàlélógójì

Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣọ náà. Ẹ̀rín wọn ni Moyinọlá kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù àchàbà tó gbé e láti Barnawa wá sí Kakuri, ó sì rò pé bóyá ẹnìkan bímọ ni. Ìgbà tó sún mọ́ wọn ló rí i pé ara ògiri ni gbogbo wọn kọjú sí, níbi tí wọ́n lẹ bébà funfun mẹ́rin mọ́. Ṣẹ̀fíátù ló dúró láàárín wọn, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó yọ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń rẹ́rìn-ín jù.

"Ẹ wò mí dáadáa o," ni Ṣẹ̀fíátù ń wí. "Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin rèé, tó lóyún oṣù mẹ́fà!"

"Tsohuwa!" ni ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. Arúgbó ló pè é yẹn, ẹ̀rín sì tún bú.

Ṣẹ̀fíátù rí Moyinọlá, ó na ọwọ́ sí i. "Moyin, wá wo iṣẹ́ rẹ. Haba! Ẹ̀rọ rẹ ti sọ mí di ìyá àgbà. Ó ní kí n lọ sinmi nílé."

Moyinọlá wo bébà náà. Òun ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún jọ, kí ó sì fi àwọn tó ń pa iṣẹ́ jẹ kún wọn títí yóò fi pé igba. Ọ̀gá ní wọ́n fẹ́ wò ó ní Èkó ni. Moyinọlá tẹ̀ ẹ́, kò ka orúkọ kankan níbẹ̀, ó lọ sílé. Ní báyìí, ẹnìkan ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sí òkè bébà kìíní pé iṣẹ́ parí fún gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, láti ìparí oṣù yìí.

"Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn," ó wí. "Àṣìṣe ni. Màá tún un ṣe kó tó di ọ̀sán."

"Mo ti sọ fún wọn! Mo ní ọmọ mi ló wà nínú ilé yẹn." Ṣẹ̀fíátù yíjú sí àwọn tó kù. "Ṣé ẹ gbọ́? Kó tó di ọ̀sán."

Kì í ṣe pé òun ló bí i. Ọmọ Ìlọrin ni Ṣẹ̀fíátù, Kinkinau ló ń gbé, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ká aṣọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ ìyá Moyinọlá ni. Ní ọdún 1994, tí Moyinọlá jáde ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ó sì jókòó sílé fún odidi ọdún kan, Ṣẹ̀fíátù ló wá sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ àwọn ti ra kọ̀ǹpútà, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò, pé wọ́n kàn fi aṣọ bò ó bí òkú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Moyinọlá ti ṣí aṣọ náà kúrò lórí rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ó ti kọ ètò tó ń tọ́jú orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dé, ọjọ́ tí wọn kò wá, àti ìwé tí wọ́n kọ láti sọ ìdí rẹ̀.

Ó gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, ó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ojú mímọ̀ ló ba ilẹ̀ yìí jẹ́. O dé báǹkì, ẹni tí o mọ̀ ni wọ́n ń wò. O fẹ́ kí wọ́n wá tún tẹlifóònù rẹ ṣe, ọmọ ta ni ọ́? "Kọ̀ǹpútà kò mọ Ìlọrin, kò mọ Zaria," ó máa ń wí. "Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ló mọ̀." Àwọn tó kù á mi orí. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ, afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n gbé sínú yàrá rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ náà ni wọ́n wá gbà.

Ó wọ yàrá náà, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ orúkọ Ṣẹ̀fíátù. Ọjọ́ ìbí: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1930.

Ó tẹ orúkọ ẹlòmíràn lára àwọn tí wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1930. Ó tẹ ẹ̀kẹta. Ọjọ́ kan náà ni. Ó ní kí ẹ̀rọ náà kó gbogbo ẹni tí a bí ní ọjọ́ yẹn jọ fún òun, wọ́n sì jáde wá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ènìyàn mẹ́tàlélógójì, tí gbogbo wọn dé ilé ayé ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà náà ló rántí. Nígbà tó ń da àwọn ìwé ńlá àtijọ́ kọ sínú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò ní ọjọ́ ìbí. Ilé ni wọ́n bí wọn sí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn akọ̀wé ìgbà náà sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ètò tó kọ kò gba òfìfo. Ibi tó bá ti bá a, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ọ̀sán kan nínú oṣù kẹrin ni, ooru mú, ọjọ́ kejì ló sì gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ náà. Ó bá kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ètò náà: ibi tí àyè bá ṣófo, fi ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1930 sí i. Kò wo orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí tó fi mú 1930. Ọdún náà wá sí i lọ́kàn ni. Ó pinnu láti padà sí i, iṣẹ́ mìíràn sì dé.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ń jẹ máásà, àkàrà ìrẹsì, nínú bébà nígbà tí Moyinọlá wọlé. Ó ní kí ó jókòó. Kò jókòó.

"Sà, àṣìṣe wà nínú ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọjọ́ orí ènìyàn mẹ́tàlélógójì kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo fà á."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Moyin, ojú mi kò fọ́. Ṣé n kò mọ Ṣẹ̀fíátù ni? Ṣé n kò rí ikùn rẹ̀?" Ó ká bébà máásà náà mọ́ra. "Igba ènìyàn ni wọ́n béèrè láti Èkó. Òwú ti wọ́n, aṣọ òkèèrè ti kún ọjà, wọ́n ní àwọn kò lè gbé gbogbo wa mọ́. Wọ́n ti fọwọ́ sí igba. Bí o bá yọ mẹ́tàlélógójì kúrò, wàá mú mẹ́tàlélógójì mìíràn wá fún mi."

"Àwọn wo, sà?"

"Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ. Bi í léèrè. Màá dúró dè ọ́ títí di aago mẹ́rin."

Ó padà síwájú kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó máa béèrè tí kò ní rí gbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó kọ́kọ́ béèrè àwọn tó pa iṣẹ́ jẹ díẹ̀, tí wọn kò tíì sí lára igba náà. Bẹ̀llò tó ń hun aṣọ ló jáde lókè, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Moyinọlá rántí ìwé rẹ̀, nítorí òun ló dà á kọ: ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. Ó pa ìyẹn rẹ́. Ó béèrè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Veronica wà níbẹ̀, Veronica tí wọ́n jọ ń jẹun, tó ń rán àbúrò mẹ́rin níwèé. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó rò ó pé kí òun mú lẹ́tà kan, lẹ́tà èyíkéyìí, kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá fi bẹ̀rẹ̀ máa lọ sílé. Ó gbé ìka lé e. Iná kékeré ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ náà, ó ń ṣẹ́jú. Kò bínú, kò sì kánjú. Ó kàn ń dúró de ohun tí Moyinọlá máa sọ.

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Láti ojú fèrèsé, ó rí Ṣẹ̀fíátù nídìí ẹ̀rọ omi, ó jókòó lórí òkúta, ó ń ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà tó ṣe tán, Ṣẹ̀fíátù gbé ojú sókè wo fèrèsé, ó juwọ́. Moyinọlá náà juwọ́.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Adégbọlá fúnra rẹ̀ ló wá.

"Mélòó lo rí?"

"Kò sí, sà."

Ó fa àga kejì, ó jókòó. "Odidi oṣù kan ni ìwé Èkó fi wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, n kò lè kọ ọ́. Nígbà tí o gbé bébà yẹn fún mi ní ọjọ́ Ẹtì, tí mo rí i pé ó pé igba, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ẹ̀rọ ti bá mi yàn wọ́n." Ó dìde. "Má sọ fún wọn pé ìwọ ni o. Jẹ́ kí wọ́n máa bú kọ̀ǹpútà. Kò ní ìyá, kò ní bàbá."

Ṣẹ̀fíátù ń dúró dè é níta, lórí ògiri kúkúrú tó wà níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀. Ó wo ojú Moyinọlá.

"Wọn kò gbà, Àǹtí. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà."

"To. Alihamudu lilahi." Ó fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ta ló tiẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé ọdún yẹn ni wọ́n bí mi? Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó. Mo ní bóyá ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé àtijọ́ ló kórìíra mi."

Ọ̀rọ̀ Adégbọlá wà lẹ́nu Moyinọlá, kò ṣòro láti sọ.

"Èmi ni," ó wí. "Wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ nínú ìwé yín. Mo kàn fi ọdún kan sí i."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Àǹtí."

Bọ́ọ̀sì kan kọjá, eruku dìde, ó sì wálẹ̀. Ṣẹ̀fíátù kò pariwo. Bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ló ṣe béèrè.

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

Moyinọlá jókòó tì í lórí ògiri náà. Ṣẹ̀fíátù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ìyá mi sọ pé ní ọdún tí wọ́n gba òmìnira, mo ti ń ru omi wálé, eyín ọmọdé mi méjì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lẹ́nu. Ǹ bá ti sọ fún ọ. Ibi tí mò ń ká aṣọ náà ni mo wà."

Ọmọ ọdún mẹ́fà. 1954. Moyinọlá ti ṣírò rẹ̀ tán nígbà tí bọ́ọ̀sì mìíràn dé, tí agbèrò rẹ̀ sì pe Kinkinau lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá Ṣẹ̀fíátù wọ bàtà rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Màá wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́. Ó di irin ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì mú, ẹnìkan nínú ọkọ̀ fà á lọ́wọ́, ó wọlé, wọ́n lọ.

Fèrè dún nínú ilé iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, àwọn tó fi òwú funfun kún irun, àwọn tó gbé abọ́ oúnjẹ dání, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe ń kọjá: Sannu, Madam. Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ènìyàn méjìlélógójì ló kù tí kò tíì sọ fún, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ àwọn wo nínú wọn ló ni àwọn orúkọ náà.