Imú Màmá Fọmalíìnì

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Màmá Fọmalíìnì ti kan egungun láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wọ yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wọn. Fọmalíìnì ni omi olóró tí wọ́n ń dà sórí ẹran tí dókítà bá gé lára aláìsàn, kó má bàa jẹrà. Tipẹ́tipẹ́, ọwọ́ màmá ló ń dà á. Ẹ̀rọ wá dé, ó ń dà á fúnra rẹ̀ nínú àpótí dígí, bí òórùn olóró rẹ̀ bá sì tú sínú afẹ́fẹ́, á figbe ta. Ọ̀gá ní kí wọ́n palẹ̀ tábìlì màmá mọ́ lópin oṣù. Èyí tó wá dùn ún wọra: ọmọbìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀rọ!

"Ẹ̀rọ ò nímú," ló ń wí kiri. "Èmi, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbóòórùn fọmalíìnì!"

Owú náà bá a délé. Ó dúró ti ìkòkò ọbẹ̀, ó ń bú ọmọbìnrin náà, àfìgbà tí ọkọ rẹ̀ ké láti pálọ̀: "Ìyàwó, ọbẹ̀ ń jóná o!" Ó ní ìbínú ni ò jẹ́ kóun mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì fọmalíìnì, ó ń fọwọ́ dà á sínú ike, kí ọ̀gá lè rí i pé ọwọ́ òun yá ju ẹ̀rọ lọ. Kò pẹ́ ni ẹ̀rọ figbe ta.

Inú màmá dùn. Ojú ń ta á, omi ń bọ́ níbẹ̀, ó ní ayọ̀ ni. "Ẹ ò rí nǹkan? Ó ti bàjẹ́! Kò sí òórùn kankan níbí!"

Ọmọbìnrin náà sáré wọlé, ó fapá bo imú. "Màmá, ẹ jáde! Kẹ́ẹ̀gì yín ti dànù!"

Màmá bojú wẹ̀yìn. Fọmalíìnì ti ṣàn dé bàtà rẹ̀.

"Ẹ ò gbóòórùn ẹ̀ ni?"

Ọbẹ̀ àná tó jóná ni màmá ń rò.

Níta, ọmọbìnrin náà ń bomi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá ń wo ẹ̀rọ náà láti ojú fèrèsé bó ṣe ṣì ń ké. Owú jẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Màmá, láti ìgbà wo lẹ ò ti gbóòórùn mọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni màmá wí. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ọ̀gá."