Orúkọ Tí Wọ́n Fagi Lé

Báírò pupa ni Dókítà Fábíyìí fi ń fagi lé àwọn orúkọ inú ìwé ìwádìí mi níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ ẹ̀pà bó ti ń ṣe é. Ó fagi lé ọmọ lámilámi. Ó fagi lé èyí tó ń fi yanrìn kọ́lé sára òkúta. Nígbà tó dé orí ìkẹtàlá, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gàdàgbà sórí gbogbo wọn: KÒKÒRÒ.

“Ó tán. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ orúkọ?”

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wọ odò kan nítòsí Òde Rẹ́mọ, tí mò ń fi àwọ̀n wọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fàtíà, ìyá Hussain, tí ilé rẹ̀ wà létí odò, ló ń bá mi di àwọ̀n mú. Lókè ibi tí ilé iṣẹ́ aláró kan ń da ìdọ̀tí sí, oríṣi kòkòrò odò mẹ́tàlá ni mo rí, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó ń jẹ àti ẹja tó ń jẹ ẹ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìdin pupa tó ń gbádùn omi bíbàjẹ́ nìkan ló kù, ó sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọjọ́ náà ni mo kìlọ̀ fún Fàtíà pé kó má fi omi yẹn se ẹ̀kọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́, ó sì ń rìn lọ sí kànga tó jìnnà.

“Sà, bí ẹ bá pe gbogbo wọn ní kòkòrò, òkè àti ìsàlẹ̀ á dọ́gba, bíi pé omi ìsàlẹ̀ náà mọ́.”

“Ohun tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn.”

“Bí olè bá lé mi jáde nílé, tó wá ń sùn lórí ibùsùn mi, ṣé ẹ máa ní ènìyàn ṣì wà nínú ilé?”

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Jíìpù tuntun tí ilé iṣẹ́ aláró náà “yá” a wà lójúde, ọ̀rá ò tíì kúrò lára àga rẹ̀. Ẹnu tó ti jẹ dòdò, báwo ló ṣe fẹ́ sọ òdodo?

“Láídé, ṣé o fẹ́ gboyè àbí o ò fẹ́? Ìwọ lo wọ omi, ìwọ ni wàá fọwọ́ sí i.”

Mo fọwọ́ sí i. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì kórìíra ara mi jù ú lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo padà lọ kó àwọ̀n mi. Wọ́n ti lẹ ìwé tí mo fọwọ́ sí, tó ní kò sóhun tó ṣe odò náà, mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Fàtíà jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Hussain lórí itan rẹ̀; ikùn ọmọ náà ti wú, egbò ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìyá Hussain, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má pọn omi yẹn mọ́?”

Ó kàn ń lé eṣinṣin kúrò lára ọmọ rẹ̀.

“Àǹtí Láídé, nígbà tí wọ́n ń kà á fún wa, mi ò gbà á gbọ́. Ìgbà tí wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, tí mo gbọ́ orúkọ yín, ni mo tó padà sódò.”