Ojú Ọ̀run Tó Wà Láàárín Òpó Méjì

Alájà méjì ni Alàjì Shittu gba ìwé àṣẹ ilé rẹ̀ ní Ìkòsì. Ìgboyà ló fi kọ́ ẹ̀kẹta. Èmi àti ìyá mi gba yàrá méjì lájà kejì ilé náà: àwa ń sùn nínú ọ̀kan, ẹ̀wà ń sùn nínú èkejì. Ẹ má bi mí pé ta ló ń kó àpò ẹ̀wà gun òkè. Ẹni tí omi ti bá ní Mile 12 rí kò ní bi mí. Lọ́dún 2006, odò kún, omi ya wọ ìsọ̀ ìyá mi, àpò ẹ̀wà mẹ́tàdínlógún wú, wọ́n sì hù. Ẹ̀wà hù nínú àpò, ó yọ ewé jáde lójú ìránṣọ bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo oníṣòwò tó bá ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n, òkè ló ń sá lọ. Ẹ̀wà, gàrí, àlùbọ́sà gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò kan àjà nínú ilé Alàjì. Omi ni wọ́n ń ṣọ́ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo òpó.

Èmi gan-an ì bá má wò ó, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nílé ẹ̀kọ́. Fótò yíyà ni mò ń kọ́. Olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew, ọkùnrin tí kì í yin ènìyàn àfi tí fíìmù bá ti tán nílùú, ní kí a lọ wá ohun tó ń gbé nǹkan ró. Igi kan, ilé kan. Kí a yà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ojú kan náà, títí a ó fi rí egungun wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi gba Erékùṣù lọ, wọ́n lọ ń ya ilé onígíláàsì. Mo ní kí wọ́n kí gíláàsì fún mi. Igi ìbẹ́pẹ wà lẹ́yìnkùlé wa, ilé Alàjì sì wà níwájú rẹ̀. Kí ni mo tún ń wá lọ?

Mo ya ewé ìbẹ́pẹ lódì sí oòrùn, iṣan rẹ̀ nà bí ọ̀nà tó ti Kétu pín sí àdúgbò gbogbo. Mo gé ẹ̀ka rẹ̀ kan, mo ya ojú ibi tí mo gé: ihò ni, ó ṣófo bí fèrè. Mo wá ya àwọn irin tí Alàjì fi sílẹ̀ lórí àjà kẹta, tí wọ́n yọ ṣóńṣó sókè nítorí ó ń gbèrò ẹ̀kẹrin.

Fún ilé náà, mo fi ọ̀dà pupa ṣe àmì mẹ́ta sórí kọnkéré gọ́tà lódìkejì títì, ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta igi tí kámẹ́rà ń dúró lé máa tẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bá mi. Bí mo bá fojú sí kámẹ́rà, màá rí òpó iná lápá òsì, màá rí òpó igun ilé Alàjì lápá ọ̀tún, àti ojú ọ̀run tóóró láàárín àwọn méjèèjì, tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló mú kí àwòrán náà mí.

Lọ́sẹ̀ keje, Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew gbé àwọn àwòrán mi wò, ó sì sọ wọ́n sórí tábìlì. Ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n ni tàbí ẹsẹ̀ mi, nítorí kámẹ́rà yẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkeje. Mo ní kò yẹ̀. Ó ní ó yẹ̀. Mo ní tó bá yẹ̀, kí wọ́n lé mi lọ sílé. Mo mú fíìmù ọ̀sẹ̀ kìíní, mo gbé e lé ti ìkeje lórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Òpó iná bá òpó iná mu wẹ́kú. Etí gọ́tà bá etí gọ́tà mu. Pátákó oníṣọ̀nà bàtà bára mu dé orí lẹ́tà. Òpó igun ilé Alàjì nìkan ni kò bá ara rẹ̀ mu. Ó di méjì, ọ̀kan tì síwájú èkejì, bí ẹni tó ń yọjú wo títì.

Ọ̀gá mi fi gíláàsì ìwòran wò ó, ó tún un wò. Kò bú mi mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí.

“Ta ló ń gbé nínú ilé yìí?”

“Èmi àti ìyá mi, sà.”

Ó pa iná abẹ́ gíláàsì náà. Ó ní kí n gbàgbé máàkì, kí n lọ mú ìyá mi jáde.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ajarat ni ìyá mi ń jẹ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ní Mile 12 mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń mú un jáde níbi tí ẹ̀wà rẹ̀ wà. Ààwẹ̀ Rámádáánì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àkókò tí gbogbo ìlú máa ń wá ẹ̀wà àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ìṣínu nìyẹn, àpò ọgọ́ta ló sì wà nínú yàrá kejì. Ó gba fíìmù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó fínnífínní, ó dá a padà. Ó ní èmi náà ni mo ya òun lọ́jọ́ Iléyá tí òun sanra bí àgbá, ṣé òun wá sanra tó bẹ́ẹ̀? Irọ́ ni fótò ń pa. Omi kì í purọ́. Kí n sọ ibi tí omi ò ní dé fún òun, òun á kó lọ síbẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ onílé lọ. Alàjì Shittu jókòó síwájú ilé pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣeré ọlọ́pọ́n, ó wọ fìlà funfun rẹ̀ tí kì í ṣí. Mo tẹ́ àwòrán sórí ọpọ́n ayò, mo fi ìka tọ́ka. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alàjì béèrè pé ìgbà wo ni mo di injiníà, èmi tí òun rò pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mò ń yà.

“Hidayat, má fi kámẹ́rà ṣẹ́ èpè fún ilé mi.”

“Alàjì, èpè kọ́ ló yọ ikùn sí òpó yín.”

Ẹ̀rín yẹn gé. Ẹnì kan húkọ́. Alàjì kò bínú, àgbà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù ṣe ìkà. Ó ní òun ti rí ohun tó fà á. Igi ọdán kékeré kan ti hù nínú òpó náà lókè, níbi tó ti là, ó yọ ewé márùn-ún. Ó ní gbòǹgbò ọdán ló ń la ilé òun. Lọ́jọ́ kejì ó mú bíríkìlà wá. Ọkùnrin náà gun àkàbà, ó fa ọdán tu, ó wá fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì gbá ojú òpó náà kó lè dì í. Ohun tó dà wálẹ̀ dà bí gàrí Ìjẹ̀bú, ó kúnná, kò sí òkúta nínú rẹ̀. Bíríkìlà wò mí, mo wò ó. Ó gbójú sílẹ̀, ó po simẹ́ńtì, ó rẹ́ ẹ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kun òpó náà ní ọ̀dà ewé, ó ń dán gbinrin. Gbogbo ilé ń kí Alàjì pé onílé tó mọyì ayálégbé nìyí. Mo ṣa ọdán náà nílẹ̀. Ẹ̀bi wo ló jẹ? Ó rí ihò, ó wọ̀ ọ́. Àwa náà ńkọ́?

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run mi ti dín kù, ó tó ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ọ̀dà bo ojú ọgbẹ́ fún ará ilé, kò bò ó fún mi. Nínú ilé, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ìyá mi ní òjò ló wú igi. Ó mú ọṣẹ, ó fi pa á létí, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ìbẹ́pẹ ló bá mi sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń já èso ìbẹ́pẹ tútù sínú agbọ̀n, ó sì ti fi ọparun ti igi náà lẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tó ń já èyí tí kò tíì pọ́n.

“Ẹrù ti pa á mọ́lẹ̀. Igi tí inú ẹ̀ ṣófo, ṣé kó dá sí méjì ni kí n tó já a?”

“Màámi, òpó ilé yìí ńkọ́?”

 Ó gbójú sókè wo fèrèsé yàrá ẹ̀wà. Ìbẹ́pẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, oje funfun ń kán sí i lọ́wọ́, kò nù ún. Ó rìn dé ìdí òpó igun, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń wo ibà ọmọ.  Nígbà tó padà, alábàárù ló lọ pè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kó o. Ẹ̀wà lọ sí gáréèjì kan ní Kétu, a tò ó sórí pákó, a fi í lé Ọlọ́run àti omi lọ́wọ́. Àwa méjèèjì gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Ifákọ̀. Alàjì ò bá wa jà. Kí a tó sọ àpò tó gbẹ̀yìn kalẹ̀ ló ti mú ẹlòmíràn wá, Ọ̀gbẹ́ni Gbénró láti Ogudu, oníṣòwò ìrẹsì tí ẹ̀rù omi ń bà. Àpò ọgọ́fà ni tirẹ̀. Mo tẹ́ àwòrán mi fún òun náà. Ó wò wọ́n, ó yìn wọ́n, ó ní mo lọ́wọ́ iṣẹ́.

“Ṣùgbọ́n àbúrò, a kì í gbé inú fótò.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dúró sórí àmì pupa mi. Ìyá mi bá mi wá, ó ní òun kàn fẹ́ yà gba ibẹ̀ lọ sọ́jà. Lọ́rì Gbénró ti fẹ̀yìn wọlé, àwọn alábàárù ń gun àtẹ̀gùn tàwọn tìrẹsì, orúnkún wọn ń tẹ̀. Mo fojú sí kámẹ́rà. Mo nu gíláàsì rẹ̀, mo tún wò. Òpó iná, òpó ilé. Kò sí ojú ọ̀run.

Mo yíjú láti sọ fún ìyá mi. Kò sí níbẹ̀.

Àwọ̀ ìborùn rẹ̀ ni mo rí lójú fèrèsé òkè. Kóńgò rẹ̀, èyí tí ìyá tirẹ̀ fi wọn ẹ̀wà kó tó fi lé e lọ́wọ́, ló gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn láàárín àwọn alábàárù. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀wà ti pa dé. Mo fà á, mo tì í, kò mira. Ohùn ìyá mi wá láti inú, jẹ́jẹ́, pé òun náà ti fà á, pé kò sí ọṣẹ níbẹ̀. Mo gbá a ní ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Alábàárù kan sọ ìrẹsì rẹ̀ kalẹ̀, ó bá mi fi èjìká gbá a. Igi ya, ìyá mi bọ́ síta, kóńgò wà láyà rẹ̀. Alábàárù náà fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn, ó wò bó ṣe tẹ̀ wọ́. Kò padà gbé àpò rẹ̀. Ó ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè Haúsá, gbogbo wọn sì bá wa sọ̀ kalẹ̀.

A dúró lódìkejì gọ́tà. Gbénró ń bá àwọn alábàárù jà, wọ́n lóṣòó, wọn ò dìde. Alàjì Shittu jáde síta, inú wá bí i níkẹyìn. Ó ní ọmọ kékeré kan ti fi fótò lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu òun. Ó rìn lọ síbi òpó aláwọ̀ ewé, ó fẹ̀yìn tì í, ó ká ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó ń yàwòrán ọdún.

“Ó dáa, yà mí báyìí. Jẹ́ kí ayé rí i pé kò mì.”

Mo sọ pé kí ó kúrò níbẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Mo pariwo pé Alàjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọdá, ṣùgbọ́n ìyá mi ti di aṣọ mi mú lẹ́yìn, kò sì jẹ́ tú u. Alàjì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà tí kò sẹ́ni tó dì í mú.

Láti òkè, níbi tí ọdán ti hù rí, nǹkan kúnnákúnná bíi gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí fìlà funfun rẹ̀, kò sì mọ̀.