Alága Jókòó Lórí Bọ́tìnnì

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni alága fi jókòó lórí bọ́tìnnì, kò sì mọ̀.

Àwòrán rẹ̀ ni o, kì í ṣe òun gan-an. Ní ilé-iṣẹ́ ìdérí ìkòkò kan ní Guro, ní ìlú Seoul, orí sáìtì ilé-iṣẹ́ ni gbogbo ìwé ń gbà: ìwé ìsinmi, ìwé pé inú ń run mí, ìwé pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ga jù lọ níbẹ̀ ni sáìtì máa ń gbé àwòrán rẹ̀ sókè. Lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ gún régé. Àmọ́ ìwé tó bá ń fẹ́ òǹtẹ̀ ọ̀gá kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Inú bíráúsà àtijọ́ kan, fèrèsé tí wọ́n ń gbà wo íńtánẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un, nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bíráúsà arúgbó yẹn ò sì mọ ìṣirò. Ní kó gbé àwòrán sókè, á gbé e sísàlẹ̀. Bó ṣe gbé ojú alága, tẹ̀rín-tẹ̀rín, lé bọ́tìnnì "Mo Fiṣẹ́ Sílẹ̀" lórí nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, imú alága ló ń tẹ̀.

Pyo Narae, tó ń tún sáìtì ọ̀hún ṣe, ti tẹ imú yẹn títí ìka fi ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣí ilé nudulu ní ìlú Mokpo, ó sì ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́.

"Mọ́ńdè ni mò ń ṣílẹ̀kùn," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lórí fóònù. "Tí o ò bá dé, àbúrò ọkọ mi ni màá gbà. O kúkú mọ ọwọ́ ẹ̀. Tó bá gé nudulu, okùn ewúrẹ́ ni."

Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Kí Narae kàn dìde kó máa lọ ńkọ́? Kò ṣeé ṣe. Ẹni tí wọn ò bá tẹ òǹtẹ̀ fún, orúkọ ẹ̀ ò ṣeé kọ síbi iṣẹ́ míì. Ó bá tọ Maeng lọ, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, tó ń fi ọ̀rá kọfí ro kọfí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n dín àwòrán alága kù díẹ̀."

"Kí o dín kí ni kù?"

"Orí ẹ̀ ló tóbi jù, sà."

Kọfí dà sí Maeng lára. "Ta lorí ẹ̀ tóbi? Narae, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Má dín in, má sún un, má fọwọ́ kàn án!"

Ko Deokhwan, tí tábìlì rẹ̀ kan ti Narae, rọra yọ ẹnu sí i. "Àǹtí Narae, ẹ bẹ alága kó gé irun imú. Bóyá bọ́tìnnì á yọjú."

"Ẹnu ẹ yìí, ìdérí ló yẹ ká fi bò ó."

"Ìdérí tiwa? Ìgbà wo ló bá ẹnu nǹkan kan mu rí?"

Narae ronú. Bíráúsà arúgbó yẹn ní ìwà kan: o lè kọ lẹ́tà sí i sínú sáìtì, kó jẹ́ òun nìkan ló máa rí i kà. Ó wọn gígùn àwòrán alága, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀: Baba, ẹ fi alága sílẹ̀ jẹ́jẹ́; bọ́tìnnì ni kí ẹ gbé ga tó báyìí. Ó tún ojú-ewé ṣí. Gbàgà! Bọ́tìnnì jókòó lórí irun alága bíi fìlà.

"Ó ti yọ o!" ni Narae pariwo.

Áà, ẹnu ló kó bá a. Kó tó kọ ìdí tó fi ń lọ tán, gbogbo ọ́fíìsì ti ń tẹ bọ́tìnnì. Deokhwan kọ ìdí tiẹ̀: "Ìdérí." Maeng tẹ òǹtẹ̀ fún wọn wàràwàrà, ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí alága. Ó ti kọ ọ́ láti ọdún méje, bọ́tìnnì ló ń retí. Alága tẹ òǹtẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dúró, tèmi kù!" ni Narae ké.

"Ṣé ìwé ìtàn lò ń kọ ni? Èmi kọ 'ó ti sú mi', ó parí!" Maeng ti wọ ẹ̀rọ agbénisọ̀kalẹ̀, sálúbàtà tó ń wọ̀ nínú ọ́fíìsì ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Kò pẹ́, alága fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ti rí bọ́tìnnì lórí irun ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé rẹ̀ wá wà níwájú Narae, torí kò sẹ́lòmíì tó kù.

"Ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹja ni mo fẹ́ lọ máa pa."

Ta ló máa kọ̀ fún bàbá arúgbó? Narae tẹrí ba, ó tẹ òǹtẹ̀. "Ẹ bá mi tẹ tèmi náà, sà."

Alága gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà. Sáìtì ò mọ̀ ọ́n mọ́. "Wọ́n ti lé mi jáde," ló wí, inú ẹ̀ dùn, ó sì lọ.

Narae sáré fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́. Sáìtì dáhùn: "A kì í tẹ òǹtẹ̀ fún ara ẹni." Ojú-ewé ṣẹ́jú. Ojú alága pòórá, ti ẹni tó ga jù báyìí sì bọ́ síbẹ̀: Narae, fọ́tò ọjọ́ tó gbaṣẹ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Fọ́tò náà gùn ju ti alága lọ. Ó bo bọ́tìnnì pátápátá.

Fóònù dún.

"Narae, ṣé o ti ń bọ̀?"

"Àǹtí mi," ló fi ohùn kékeré dáhùn, "ẹ gba àbúrò ọkọ yín. Èmi ni mo jókòó lórí bọ́tìnnì."