Àìsàn Ẹja Màdáámù Keziah

"Kò sí ẹja tó lè ṣàìsàn lójú mi kó kú!" Adégbóyèga ń pariwo ní ọ́fíìsì wọn l'Ósì. "Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ẹlẹ́ja ni ìyá mi. Bí ẹja bá húkọ́ l'Óbò Ayégúnlẹ̀, láti ibí ni n ó ti mọ irú ikọ́ tó jẹ́!"

Ẹja kì í húkọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lórí ipò kan náà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń gba ìgbéga.

Ọ̀gá wọn, Màdáámù Keziah, lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì n'Ílọrin. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò fi ránṣẹ́ fún ìgbéga lọ́dún yìí. Ìdí nìyẹn tí Adégbóyèga fi fẹ́ẹ̀ já kọ́kọ́rọ́ ilé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun ni yóò máa tọ́jú ẹja tó wà nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Ọ́síkà ni wọ́n ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ìbátan epìyà wa ni, ṣùgbọ́n èyí gùn tó apá àgbà dé ìgúnpá, ó sì ń wo èèyàn bí ìyá ọkọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ọ́síkà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ikùn rẹ̀ wú. Kò jẹ, kò mira.

"Ibà ni," Adégbóyèga ní. Ó lọ oògùn ibà tirẹ̀ kúnná, ó dà á sómi. Omi di ẹ̀kọ ṣíṣàn. Ẹja doríkodò.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Màdáámù dé, òógùn bo ọkùnrin wa. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdòfin lọ bẹ Badirat, ìyá Amirat, tó ń sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi ṣẹ̀sín láti ọjọ́ pípẹ́.

Badirat bá a wá sílé Màdáámù. Ó wo ẹja, ó wo omi, ó wá wo Adégbóyèga bí aṣọ tí eku jẹ.

"Bàbá Ṣògo, kí lẹ fún un jẹ?"

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ wo? Ike oúnjẹ rẹ̀ rè é, ẹ ò tíì ṣí i."

"Èyí tó rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ yẹn? Èmi ọmọ Èkìtì, kí n fi ìyẹn bọ́ ẹja ọ̀gá mi?"

"Mo ní kí lẹ fún un!"

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Iyán ni."

"Kí lẹ wí?"

"Ìyá Amirat, gbọ́ ná. Ibí ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Bí mo bá ti ṣí kúlà báyìí, á wá fẹnu lẹ gíláàsì, á máa wo ọ̀fun mi. Ta ló kọ́ mi pé kí n máa dá jẹ lójú ẹni tó ń wò mí? Mo bù fún un. Ó gbé e mì. Mo tún bù. Àní ó fẹ́ràn rẹ̀!"

"Ewúrẹ́ náà fẹ́ràn gàrí, ìyẹn ló ń pa á. Ṣé ẹ fi ọbẹ̀ sí i?"

"Ẹ̀gúsí. Ṣé lásán ni kó jẹ ẹ́ ni?"

Badirat rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. "Kò níbà kankan. Inú rẹ̀ ló dí. Ẹ̀yin, tẹ́ ẹ dàgbà tó yìí!"

Ó ní kó gbọ́n ìlàjì omi náà dànù, kó fi omi tó ti sùn mọ́jú nínú báàfù dípò rẹ̀. Ó yọ́ iyọ̀ tí oníkẹ́míìsì ń tà fún ẹni tí inú rẹ̀ dí, ó rọra dà á sí i. Ọjọ́ méjì gbáko, ẹja kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan.

"Ẹ̀yin náà, ẹ lọ jẹun yín níta."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹja yàgbẹ́. Ó funfun, ó gùn, iyán pátápátá ni! Ọ́síkà dìde, ó lúwẹ̀ẹ́, ó fìrù ta omi sí Adégbóyèga lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí Badirat ṣe wá wo ẹja, ni Màdáámù wọlé. Kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí Adégbóyèga fi bẹ̀rẹ̀:

"Màdáámù, ikú kan ilẹ̀kùn yín, èmi ni mo lé e padà!"

"Ẹ sọ ẹni tó pe ikú wá!" Badirat ké. "Èmi ni mo wò ó sàn!"

"Lábẹ́ àṣẹ mi!"

"Lábẹ́ iyán yín!"

Màdáámù bọ́ bàtà, ó jókòó. "Mo ti fi orúkọ ẹlòmíì ránṣẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè," ó ní. "Ẹja yẹn, ọmọ mi ló fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ Kánádà. Ẹ bá mi gbé e lọ. Ariwo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn."